Ọ̀nà wo ló dáa jù láti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́? Mo fi mẹ́fà wéra

Ẹni tó bá bi mí pé "tẹ́ẹ̀sì wo ni kí n ṣe tí màá fi mọ irú èèyàn tí mo jẹ́", ìbéèrè lèmi náà kọ́kọ́ máa ń fi dá a lóhùn: kí lẹ fẹ́ fi èsì ẹ̀ ṣe? Kì í ṣe pé mò ń fi falẹ̀ o. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tó máa bá a lára mu, ẹni tọ́kàn ẹ̀ ò balẹ̀ láti oṣù mélòó kan tí ò sì mọ ohun tó ń ṣe é, ọ̀gá tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ohun tó máa kọ pírójẹ́ẹ̀tì lé lórí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ò lè wọ bàtà kan náà, àmọ́ tẹ́ẹ̀sì tó bá ti gbajúmọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn máa ń sáré lọ ṣe.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mo ti kà nípa ẹ̀ dáadáa, mo sì ti ṣe mélòó kan nínú wọn fúnra mi, torí náà ẹ jẹ́ ká gbé wọn síta ká yẹ̀ wọ́n wò.

Ohun tá a máa fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́, kí ló máa ná yín, owó o, àkókò o. Èkejì, tẹ́ ẹ bá ṣe é lónìí tẹ́ ẹ tún wá ṣe é lóṣù tó ń bọ̀, ṣé ohun kan náà ló máa sọ? Ẹ̀kẹta, ohun tó sọ yẹn, ṣé a máa rí i nínú bí ẹni náà ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́, nínú ilé, láàárín ọ̀rẹ́, àbí inú ìwé èsì nìkan ló mọ? Ẹ̀kẹrin, ìbéèrè wo gan-an ló ń dáhùn, torí "báwo ló ṣe rí" yàtọ̀ sí "kí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀", méjèèjì sì tún yàtọ̀ sí "kí lòun fúnra ẹ̀ rò pé ayé òun túmọ̀ sí".

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ka "ó bá mi mu gan-an" mọ́ wọn, ó sì nídìí. Lọ́dún 1948, olùkọ́ sàíkọ́lọ́jì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bertram Forer fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní tẹ́ẹ̀sì, nígbà tó yá ó pín èsì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí kálukú fún èsì tiẹ̀ ní máàkì láti 0 dé 5, bó bá ṣe bá a mu sí. Tẹ́ ẹ bá pín gbogbo máàkì yẹn dọ́gba, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní 4. Ìgbà tí wọ́n wá kà á síta ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, inú ìwé àwọn awòràwọ̀ tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ló sì ti kó o jọ. Ọ̀rọ̀ bíi pé ẹ máa ń fẹ́ káwọn èèyàn fẹ́ràn yín àmọ́ ẹ tún máa ń bá ara yín wí, ta ni ò bá mu? Nítorí náà tí èsì kan bá wọ̀ yín lára bí aṣọ tí wọ́n dìídì rán fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni ò lè wọ aṣọ náà.

Big Five, èyí tó ń wọn ìwà bí ẹni wọn omi

Òun làwọn onímọ̀ ń lò jù nínú ìwádìí, ohun tó sì wà nídìí ẹ̀ ò le: tí ìwà kan bá jẹ àwọn èèyàn lógún, wọ́n á ti fún un lórúkọ. Ni Gordon Allport àti Henry Odbert bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1936, wọ́n ń ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ téèyàn lè fi júwe ọmọ aráyé, wọ́n rí nǹkan bí 18,000. Raymond Cattell gba ibẹ̀, ó ń fi ìṣirò dín in kù títí ó fi kù 16, nígbà tó di 1961 Ernest Tupes àti Raymond Christal tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà wá rí i pé bí àwọn ṣe ń kó oríṣiríṣi èèyàn jọ tó, 5 náà ló ń jáde ṣáá.

Àwọn márùn-ún náà nìyí, bí èmi ṣe máa pè wọ́n: ìfẹ́ sí nǹkan tuntun, ṣíṣe nǹkan létòlétò, ọ̀yàyà, ìwà pẹ̀lẹ́ sọ́mọnìkejì, àti àìbalẹ̀ ọkàn. Kò sẹ́ni tí ò ní gbogbo wọn lára, bó ṣe pọ̀ tó lára kálukú ló yàtọ̀, ohun tó sì mú kí n fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Kò ní sọ fún yín pé ọlọ́yàyà ni yín tàbí ẹ kì í ṣe ọlọ́yàyà, ó máa sọ pé ọ̀yàyà tiyín ju ti èèyàn 60 nínú 100 lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lewis Goldberg kó ìbéèrè rẹpẹtẹ jọ tó sọ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, IPIP ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan nínú ẹ̀ sọ pé èmi sábà máa ń gbàgbé láti dá nǹkan padà sáyè ẹ̀. Ẹ máa mú nọ́ńbà kan láti 1, ìyẹn kò jọ mí rárá, dé 5, ìyẹn èmi gan-an nìyẹn. Ká ní ẹ mú 4. Ìgbàgbé yẹn lòdì sí ètò, torí náà wọ́n á yí i padà, 6 yọ 4 ó ku 2, 2 yẹn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún yín. Ìbéèrè míì tó sọ pé mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létò, wọn ò ní yí ìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń da méjèèjì pọ̀ ni pé àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá kà, "bẹ́ẹ̀ ni" ni tiwọn, tí wọn ò bá wá yí òmíràn padà, máàkì ẹni bẹ́ẹ̀ á kàn máa gòkè lórí ohun tí kò ní.

Tá a bá ní ká sọ ti owó, èyí tí wọ́n ń pè ní NEO tí Paul Costa àti Robert McCrae ṣe, owó ni wọ́n fi ń rà á, ìbéèrè ẹ̀ tó 240. IPIP tó ní ìbéèrè 50 ò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ, ọ̀fẹ́ sì ni, òun ni màá ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè 10 péré náà wà fáwọn tó ń kánjú, àmọ́ àwọn tó ṣe é gan-an sọ pé kò tó àwọn tó gùn. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, máàkì yín á ṣì wà nítòsí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó sì ń hàn nínú ìgbésí ayé: Murray Barrick àti Michael Mount kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 1991, wọ́n rí i pé ṣíṣe nǹkan létòlétò ń bá ṣíṣe dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ rìn nínú gbogbo irú iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, ì báà ṣe ọlọ́pàá, ì báà ṣe ọlọ́jà, ì báà ṣe mánéjà. Kì í ṣe pé ó lágbára tó ohun téèyàn lè fi búra o, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ni tí èsì ẹ̀ bà á nínú jẹ́ mọ̀. Brent Roberts àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún jọ lọ́dún 2006, ó hàn níbẹ̀ pé bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ làwọn èèyàn ń létò sí i tọ́kàn wọn sì ń balẹ̀ sí i, pàápàá láàárín ọdún 20 sí 40. Ibi tẹ́ ẹ wà lónìí ni máàkì yẹn ń sọ.

Àléébù ẹ̀ ńkọ́? Àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́rìí ara yín. Simine Vazire fi hàn lọ́dún 2010 pé tó bá di ti ohun tó ń bà wá lẹ́rù nínú lọ́hùn-ún, àwa fúnra wa la mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ tó bá di ti bọ́pọlọ wa ṣe mú tó, àwọn ọ̀rẹ́ wa mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Èkejì, inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti jáde, nígbà tí Michael Gurven àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé e lọ bá àwọn Tsimane, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ní Bolivia, àwọn márùn-ún yẹn ò jáde bí wọ́n ṣe retí, ọdún 2013 ni wọ́n gbé ìyẹn jáde. Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù: ó ń sọ bẹ́ ẹ ṣe rí, kò sọ ìdí. Tẹ́nì kan bá ń pẹ́ dé ṣáá, tẹ́ ẹ ní torí kò létò ni, tí mo bi yín pé báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò létò, tẹ́ ẹ ní ṣé mi ò rí i bó ṣe ń pẹ́ dé ni, ẹ rí i pé ojú kan náà la wà látàárọ̀.

Àbúrò ẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ HEXACO, Kibeom Lee àti Michael Ashton ló gbé e kalẹ̀, wọ́n fi ìkẹfà kún un, ìyẹn òtítọ́ àti ìrẹ̀lẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tẹ́ ẹ lè fọkàn tán lẹ̀ ń wá ìdí ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ gbé.

MBTI àtàwọn tó ń pín èèyàn sí àpótí

Èyí lẹ ti mọ̀ jù, tẹ́ẹ̀sì tó ń fi lẹ́tà mẹ́rin, bí INFP tàbí ESTJ, pe irú ẹni téèyàn jẹ́. Katharine Briggs àti ọmọ ẹ̀ Isabel Briggs Myers ló ṣe é, orí ohun tí Carl Jung, dókítà ọpọlọ ará Switzerland, kọ lọ́dún 1921 ni wọ́n sì gbé e lé, ó pín gbogbo èèyàn sí oríṣi 16.

Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ní kí gbogbo wa ṣe irú ẹ̀. Tèmi sọ pé mo jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ dá wà, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ yọ mí kúrò nínú àwọn tó ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀. Mo tún un ṣe nílé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, kò ju ìbéèrè méjì tí ìdáhùn mi yí padà, lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn bá yí, mo di ẹni tó fẹ́ràn èrò. Ó dùn mí o, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi yẹn, mi ò sì yí padà rárá láàárín oṣù kan.

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ rò ó bíi gíga. Ká ní wọ́n fa ìlà kan sára ògiri, ẹni tí orí ẹ̀ bá kọjá ìlà "gíga" ni, ẹni tí ò bá kọjá "kúkúrú" ni. Àárín níbi tí ìlà wà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sí, torí náà ẹni méjì tí ìyàtọ̀ wọn ò ju ìbú ìka kan lọ máa gba orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó kọjá ìlà díẹ̀ báyìí àti ẹni tí orí ẹ̀ ń kan àjà á wá máa jẹ́ orúkọ kan náà. Bí mo ṣe dúró létí ìlà yẹn, tí mo bá kàn na ẹsẹ̀ díẹ̀, mo ti kọjá.

McCrae àti Costa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 1989, wọ́n ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ bá mẹ́rin nínú Big Five mu dé àyè kan, èyí tí kò sí níbẹ̀ rárá ni àìbalẹ̀ ọkàn. Ẹ wò ó, ohun tó ń dààmú ọ̀pọ̀ tó ń wá tẹ́ẹ̀sì kiri gan-an ni kò sí nínú ẹ̀. Àwọn tó ni MBTI fúnra wọn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi gbani síṣẹ́. Ohun tó dáa fún ni kí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, pé "èmi o, mo máa ń fẹ́ ronú kí n tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kán mi lójú". Ìyẹn wúlò, mi ò ní purọ́.

Àwòrán yíǹkì àtohun tó wà lábẹ́ ọkàn

Sigmund Freud, dókítà ará Austria, gbà pé ohun tó ń ti èèyàn ṣe ohun tó ń ṣe, abẹ́ ọkàn níbi tí òun fúnra ẹ̀ ò lè rí ló wà, nítorí náà kí lẹ fẹ́ fi fọ́ọ̀mù bi í? Látinú irú èrò bẹ́ẹ̀ làwọn tẹ́ẹ̀sì tí ò béèrè nǹkan ní tààràtà ti gbèrú. Hermann Rorschach, dókítà ará Switzerland, gbé káàdì 10 tí wọ́n da yíǹkì sí jáde lọ́dún 1921, wọ́n á na ọ̀kan sí yín wọ́n á ní kí lẹ rí níbẹ̀. Christiana Morgan àti Henry Murray ní Harvard náà ṣe tiwọn lọ́dún 1935, àwòrán èèyàn ni tiwọn, ẹ̀yin lẹ máa pìtàn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀.

Ó ń gba wákàtí, ó ń gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni méjì sì lè gbọ́ ohun kan náà kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí ohun méjì. John Exner gbìyànjú lọ́dún 1974 láti kó gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ti Rorschach sójú kan, síbẹ̀ àwọn tó ń ta kò ó sọ pé ó máa ń mú kí ẹni tára ẹ̀ dá ṣáká dà bí aláìsàn. Ibi tó ti dúró dáadáa ni wíwá ẹni tí ìrònú ẹ̀ ti dàrú. Ẹ má ṣe é lórí fóònù, kò sí ohun tó máa sọ fún yín.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ló gbé yín dé, MMPI, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì oníbèéèrè kan tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀, ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Yunifásítì Minnesota ni Starke Hathaway àti J. C. McKinley ti ṣe é, ó jáde lọ́dún 1943, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 1989 ní ìbéèrè 567, òótọ́ tàbí irọ́ ni gbogbo ìdáhùn. Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ẹ̀ ni pé wọ́n fi àwọn ìbéèrè kan pa mọ́ sínú ẹ̀ tó ń tú àṣírí ẹni tó ń fi ara ẹ̀ hàn bí ẹni mímọ́ tàbí tó ń sọ ìṣòro ẹ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Wíwo èèyàn níbi tó ti ń ṣe é

Lọ́dún 1968 Walter Mischel da omi tútù sáwọn onítẹ́ẹ̀sì lára. Ó kó ìwádìí jọ, ó ní ìbátan tó wà láàárín máàkì ìwà àti ohun téèyàn ṣe lásìkò kan pàtó kì í sábà ju 0.30 lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé 1 ni ìbátan tó pé. Ó ní kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹni náà wà. Òun àti Yuichi Shoda àti Jack Wright lọ ń ṣọ́ àwọn ọmọdé ní àgọ́ ìsinmi, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọmọ méjì lè wà tí iye ìgbà tí wọ́n jà dọ́gba, àmọ́ ọ̀kan, ìgbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń jà, ìkejì, ìgbà tí àgbà bá bá a wí ni. Lórí ìwé tẹ́ẹ̀sì, "oníjà" ni wọ́n máa pe àwọn méjèèjì. Òbí tàbí olùkọ́ tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, kí ni "oníjà" fẹ́ ṣe fún un? Ìgbà wo ló ń jà ni ohun tó wúlò.

William Fleeson ló wá bá wọn parí ìjà yẹn lójú tèmi, lọ́dún 2001. Ó fún àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà kékeré, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní wákàtí yẹn. Ẹnì kan náà lè lọ́yàyà gan-an láàárọ̀ kó dákẹ́ rọ́rọ́ lálẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó ọ̀sẹ̀ kan jọ tẹ́ ẹ pín in dọ́gba, tẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ńbà méjèèjì á jọra gan-an. Ìyẹn ni pé Mischel ò parọ́, àwọn tó ń wọn ìwà náà ò sì parọ́.

Kì í náni lówó, ìwé àti fóònù ti tó, àmọ́ ó ń gba sùúrù, ọ̀pọ̀ sì ti máa ń jáwọ́ kó tó di ọjọ́ kẹrin.

Ìtàn ìgbésí ayé

Dan McAdams ló fẹsẹ̀ eléyìí múlẹ̀. Ó ní téèyàn bá ti mọ máàkì ẹnì kan lórí ohun márùn-ún yẹn, ohun tí àlejò lè mọ̀ nípa ẹni náà ló ṣì mọ̀. Wọ́n á jókòó tì yín fún nǹkan bí wákàtí méjì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ pín ayé yín sí orí-orí bí ìwé, kẹ́ ẹ sọ ìgbà tó dùn jù, ìgbà tó korò jù, àti ibi tí ọ̀nà ti yà. Wọ́n ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń so ó pọ̀: ṣé láti inú ibi lẹ máa ń mú rere jáde, àbí gbogbo rere ló ń bà jẹ́ nígbẹ̀yìn. Èèyàn méjì lè pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà kí ìtàn wọn má jọra rárá. Ó ṣòroó fún ní máàkì, kò sì ní sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe níbi iṣẹ́, àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀ òun nìkan ló béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ayé mi túmọ̀ sí.

Ìbejì àti ẹ̀jẹ̀

Kíákíá lórí eléyìí, torí kì í ṣe ohun tẹ́nì kan lè mú lò fún ara ẹ̀. Thomas Bouchard bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìbejì tí wọ́n pín níyà láti kékeré jọ ní Minnesota lọ́dún 1979, ohun tírú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti ń sọ bọ̀ ni pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn èèyàn nínú ìwà ló tinú àjogúnbá wá. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn èèyàn ni wọ́n wí o, wọn ò sọ pé ìdajì ìwà tiyín. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun fi itọ́ yín sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ má fún un.

Ta ni kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìwádìí, kó gbé IPIP, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ti lò ó, olùkọ́ kan ò ní bá a jà. Ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ lè lo Big Five tàbí HEXACO mọ́ ohun míì, kó jẹ́ kẹ́ni náà ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà níṣojú ẹ̀, kó fi lẹ́tà mẹ́rin sílẹ̀ pátápátá, ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Òbí àti olùkọ́ tí ọmọ kan ń dà láàmú, ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì: kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó ṣe é, ta ni wọ́n jọ wà. Ẹni tọ́kàn ẹ̀ ò balẹ̀ tí oorun ẹ̀ ti dínkù, kó má ṣe tẹ́ẹ̀sì kankan fúnra ẹ̀, kó lọ bá onímọ̀ tó níwèé àṣẹ, ìyẹn ló máa mọ̀ bóyá MMPI ló kàn. Ẹni tó wà ní ìkòríta, tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù nǹkan, ìtàn ìgbésí ayé ni, kódà kó kọ ọ́ sínú ìwé fúnra ẹ̀.

Ẹni tó kàn fẹ́ mọ ara ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣe ìbéèrè 50 yẹn, kẹ́ ẹ wá fún ẹnì kan tó ti mọ̀ yín tó ọdún mélòó kan, kó dáhùn ẹ̀ nípa yín láìwo tiyín. Ẹ gbé méjèèjì síwájú, ẹ fi àpapọ̀ máàkì sílẹ̀ ná, ẹ wá àwọn ìbéèrè tí nọ́ńbà yín ti fi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ ní kó sọ ìgbà kan tó rí yín tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi, ìbéèrè mẹ́rin ló jáde, a ò sì kúrò lórí èyí àkọ́kọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.